Ká Ní Týr Kò Dìde: Iceland, NATO àti Ogun Ẹja Ọdún 1976

Ẹni tó bá ti dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta pánla ní Òyìngbò tàbí Mushin á ti gbọ́ òórùn rẹ̀ kó tó fojú kàn án. Àpò ìdọ̀họ ńláńlá ni, orí ẹja gbígbẹ ló kún inú rẹ̀, ó le koránkorán, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbàgà. Òmíràn nínú àwọn orí yìí, Nọ́wè ló ti wá. Ọ̀pọ̀ ló ti Iceland wá, erékùṣù kan tó wà lókè téńté ní àríwá òkun Àtìláńtíìkì. Ẹja kọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí ẹja yìí ni orílẹ̀-èdè tí kò ní ọmọ ogun kan ṣoṣo fi wọ gídígbò pẹ̀lú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún 1958 sí 1976, tí ọkàn àwọn ọ̀gá àjọ NATO, ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà àti àwọn alájọṣe rẹ̀ ní Yúróòpù tí Iceland àti Gẹ̀ẹ́sì jọ wà nínú rẹ̀, kò sì balẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún ọdún 1976. Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ etíkun Iceland kan tó ń jẹ́ Týr fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lójú agbami, díẹ̀ ló kù kó dojú dé. Ó padà dìde. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ti ń jà gùdù lọ́kàn mi. Ká ní kò dìde ńkọ́?

A ò lè dáhùn láì kọ́kọ́ mọ bí ìlú tí kò fẹ́ ogun ṣe bá ara rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ológun. Láti ọdún 1918 tí Iceland ti dá dúró, tó jẹ́ pé ọba kan náà ni òun àti Denmark ṣì jọ ní, ló ti kéde pé òun kò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú ogun. Ìkéde yẹn kò gbà á. Jámánì gba Denmark ní oṣù Kẹrin ọdún 1940. Nígbà tó di ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bíi 746 sọ̀ kalẹ̀ sí Reykjavík ní kùtùkùtù, wọn ò gbàyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n bá aṣojú ìjọba Jámánì nílé rẹ̀ níbi tó ti ń dáná sun ìwé nínú ọpọ́n ìwẹ̀. Hermann Jónasson tó jẹ́ olóòtú ìjọba fi ẹ̀hónú hàn, lẹ́yìn náà ló sọ fún àwọn aráàlú lórí rédíò pé kí wọ́n ṣe àwọn tó wọlé wá náà bí àlejò. Èmi ò rí i bí ọ̀rọ̀ ojo. Ẹni tí kò ní ìbọn, tí àlejò sì ti jókòó sínú pálọ̀ rẹ̀, kí ló tún kù tó lè ṣe?

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Amẹ́ríkà gba ipò Gẹ̀ẹ́sì. Iceland di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò lọ́ba mọ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 1944. Kò pẹ́ tí ogun parí tí Amẹ́ríkà fi ní kí wọ́n yá òun ní ibùdó mẹ́ta fún ọdún 99. Iceland ní rárá. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù Sófíẹ̀tì, ìyẹn Rọ́ṣíà àti àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ń gbilẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 1949, ilé aṣòfin wọn, Alþingi, dìbò láti wọ NATO: 37 fara mọ́ ọn, 13 kọ̀ ọ́. Ìta ilé náà dàrú. Òkò ń fọ́ fèrèsé, ọlọ́pàá ń yin tajútajú. Àwọn tó tilẹ̀ fara mọ́ ọn ti sọ ọ́ kó dájú pé àwọn ò ní dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun sílẹ̀, àti pé ọmọ ogun àjèjì ò ní gbé ilẹ̀ àwọn lásìkò àlàáfíà. Ọdún méjì péré ni ọ̀rọ̀ kejì yẹn lò. Ogun Kòríà bẹ́ sílẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ìgbèjà pẹ̀lú Amẹ́ríkà ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Karùn-ún ọdún 1951, ọmọ ogun sì padà dé sí ibùdó bàálù Keflavík.

Kí ni Amẹ́ríkà fẹ́ fi ilẹ̀ òkúta àti yìnyín ṣe? Ẹ gbé àwòrán ayé síwájú. Àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Sófíẹ̀tì tó ń jáde láti agbègbè Murmansk ní àríwá Rọ́ṣíà, bí wọ́n bá fẹ́ dé àárín òkun Àtìláńtíìkì tí Amẹ́ríkà máa gbà kó ọmọ ogun àti ẹrù wá sí Yúróòpù, ọ̀nà méjì ló wà fún wọn: àárín Greenland àti Iceland, tàbí àárín Iceland àti Scotland. Iceland jókòó sójú ọ̀nà bí oníbodè. Láti Keflavík ni bàálù Orion ti ń gbéra lọ ṣọ́ omi, ẹ̀rọ tí wọ́n tẹ́ sísàlẹ̀ òkun sì ń fetí sí ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ abẹ́ omi tó bá ń kọjá. Oníbodè yìí kò ní idà. Ibodè ló ní, ìyẹn sì ni gbogbo ohun tó kù nínú ìtàn yìí dúró lé.

Iceland tètè mọ̀ pé ohun ìní ni. Ní oṣù Kẹta ọdún 1956, Alþingi dìbò pé kí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà máa lọ. Ìgbà tí Sófíẹ̀tì fi ọkọ̀ ìjà wọ Hungary ní òpin ọdún náà, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà tì. Ìjọba tó dé lọ́dún 1971 tún ṣèlérí ohun kan náà. Àwọn aráàlú 55,522 fọwọ́ sí ìwé pé ibùdó náà kò gbọdọ̀ kúrò, iye yẹn sì pọ̀ gan-an nínú ìlú tí èèyàn inú rẹ̀ ò ju bíi 220,000 lọ. Ìjọba náà kúrò lọ́dún 1974, ibùdó kò kúrò.

Ẹja ńkọ́? Ní àwọn ọdún yẹn, bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí Iceland ń tà sókè òkun, ẹja ni. Ogun abẹ́lé tiwa níbí láti 1967 sí 1970 wà lára ohun tó dá ọgbẹ́ sí wọn lára, torí ọjà pánla tí wọ́n ń tà fún Nàìjíríà dojú rú pátápátá, ìgbà kan náà yẹn sì ni ẹja hẹ́ríǹgì wọn ń tán lọ lódò. Kọ́ọ̀dù ló kù, àwọn ọkọ̀ apẹja Gẹ̀ẹ́sì láti Hull àti Grimsby ló sì ń kó o. Iceland bẹ̀rẹ̀ sí í sún ààlà rẹ̀ lórí omi síwájú: máìlì mẹ́rin lọ́dún 1952, 12 lọ́dún 1958, 50 lọ́dún 1972. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1975 ó di 200. Ìgbà mẹ́ta tó kẹ́yìn yìí ni ogun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ́ sílẹ̀.

Ohun èlò kan wà tí wọ́n fi ja ogun yìí tó yẹ kí n ṣàlàyé. Ó dà bí ìdákọ̀ró tó lápá mẹ́rin, tí abẹ mímú wà nínú kọ̀rọ̀ ibi tí àwọn apá náà ti pàdé. Ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ á so ó mọ́ okùn irin gígùn, á jù ú sómi, á wá gba ẹ̀yìn ọkọ̀ apẹja kọjá ní ìdábùú. Okùn irin tí ọkọ̀ apẹja fi ń wọ́ àwọ̀n á há sáàárín apá méjì, á yọ̀ lọ bá abẹ, ó tán. Àwọ̀n àti gbogbo ẹja inú rẹ̀ á rì lọ sísàlẹ̀ òkun. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1972 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó. Ìbọn ò dún, ẹ̀jẹ̀ ò ta sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ apẹja náà ti di ọlọ́wọ́ òfo, gbèsè ló máa gbé relé.

Ọ̀nà kan tí Gẹ̀ẹ́sì rí ni kó fi ọkọ̀ ogun há àárín ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ àti ọkọ̀ apẹja. Ọkọ̀ ogun 22 ni wọ́n ń pààrọ̀ lò ní ogun kẹta yìí. Ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin àti ọkọ̀ apẹja méjì tí wọ́n gbé ìbọn kékeré sí ni Iceland ní. Wọ́n ń forí ọkọ̀ gbá ara wọn lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 1976, Iceland kéde pé òun kò bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe mọ́, ó ní kí aṣojú Gẹ̀ẹ́sì máa lọ. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láàárín ọmọ ẹgbẹ́ NATO méjì. Àwọn apẹja Iceland lọ dí ojú ọ̀nà ibùdó Keflavík. Àwọn olóṣèlú ń sọ ọ́ ní gbangba pé bí NATO ò bá lè gba àwọn lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ NATO, kí ni àwọn ń ṣe nínú rẹ̀? Joseph Luns, akọ̀wé àgbà àjọ náà, ti ń sáré kiri láti oṣù kìíní.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn tó fi di ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún.

Guðmundur Kjærnested ni ọ̀gá ọkọ̀ Týr. Ó ń lépa ọkọ̀ apẹja Carlisle láti gé àwọ̀n rẹ̀. Ọkọ̀ ogun HMS Falmouth sáré dé, ó fi orí gbá Týr lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fojú inú wo ọkọ̀ ogun tó gùn ju ìlọ́po kan ààbọ̀ ọkọ̀ yín lọ tó ń bọ̀ lórí eré, tí kò yà. Týr ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi ń bo òkè rẹ̀. Ó dìde. Síbẹ̀síbẹ̀ wọ́n gé okùn Carlisle, Falmouth sì tún padà wá gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Kò sẹ́ni tó kú lọ́jọ́ náà.

Ká ní kò dìde. Nínú omi tútù bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá bọ́ sódò kò ní ìṣẹ́jú púpọ̀. Ìlú kékeré ni Iceland, tó fi jẹ́ pé òkú ogún ọkùnrin á kan ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé, yálà ẹbí, yálà ọmọ iléèwé kan náà. Ẹgbẹ́ òṣèlú Geir Hallgrímsson tó jẹ́ olóòtú ìjọba nígbà náà ni ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn NATO jù nílùú. Lójú tèmi, kò sí bó ṣe lè dúró níwájú pósí àwọn atukọ̀ kó sọ fún àwọn opó pé kí wọ́n máa fi sùúrù ṣe é, pé alájọṣe wa ló ṣèèṣì pa ọkọ yín. Ì bá yan ọ̀kan: kó kúrò lórí àlééfà tàbí kó kúrò nínú NATO.

Ìwé méjì ni Iceland ì bá ya, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í yà wọ́n sọ́tọ̀. Abala 13 àdéhùn NATO sọ pé lẹ́yìn ogún ọdún, ìyẹn láti 1969 wá, ẹni tó bá fẹ́ jáde á kọ̀wé sí ìjọba Amẹ́ríkà, yóò sì di ẹni ìta lẹ́yìn ọdún kan. Àdéhùn ìgbèjà ọdún 1951 ní tirẹ̀ ní kí wọ́n kọ́kọ́ ní kí NATO yẹ̀ ẹ́ wò fún oṣù mẹ́fà, kó tó di pé wọ́n á fún ara wọn ní ìwé oṣù 12. Ká ní wọ́n fi ìwé méjèèjì ránṣẹ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 1976, oṣù Kẹfà ọdún 1977 ni wọn ì bá jáde nínú NATO, ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó kẹ́yìn ì bá sì gbéra kúrò ní Keflavík ní oṣù Kejìlá. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣe bí Faransé lọ́dún 1966: kí wọ́n lé ọmọ ogun, kí wọ́n ṣì jókòó nínú ẹgbẹ́. Èmi rò pé Hallgrímsson ì bá gbìyànjú ìyẹn. Bóyá àwọn aráàlú ì bá gbà fún un ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Àwọn kan máa ń sọ pé Sófíẹ̀tì ì bá wọlé. Mi ò gbà. Láti ọdún 1953 ni Iceland ti ń ra epo lọ́wọ́ Sófíẹ̀tì, tó sì ń ta ẹja fún un, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ti ilẹ̀kùn ọjà mọ́ ọn nítorí máìlì mẹ́rin. Nínú gbogbo ọdún òwò yẹn, ọmọ ogun Sófíẹ̀tì kankan kò tẹ ilẹ̀ wọn. Àwọn tó sọ òkò lọ́dún 1949, ọmọ ogun àjèjì ni wọn ò fẹ́, ì báà ti Washington wá, ì báà ti Moscow wá. Ohun tí mo rí ni erékùṣù tó ṣófo. Amẹ́ríkà ì bá kó bàálù rẹ̀ lọ sí Scotland, kó máa fò jìnnà sí i, kó máa náwó sí i, kó máa ṣọ́ omi kan náà, inú rẹ̀ kò sì ní dùn sí ẹni tó lé e.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù nìyí. Ohun tí wọn ì bá torí rẹ̀ jáde ti ń bọ̀ wá bá wọn lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1976, kí Týr tó ṣubú, Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ti sọ máìlì 200 di òfin fún etíkun tirẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1977, àwọn ìjọba ọjà Yúróòpù, Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú wọn, sún ààlà tiwọn sí máìlì 200. Oṣù mẹ́jọ ló wà láàárín ọjọ́ tí Falmouth gbá Týr àti ọjọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì gba òfin tó ń bá Iceland jà lé lórí. Iceland tó ti jáde ì bá gba ẹja rẹ̀, ẹja tí ì bá rí gbà bí kò tilẹ̀ jáde náà ni. Ṣùgbọ́n ibodè ì bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Erékùṣù kan wà tó gba ọ̀nà yẹn lóòótọ́, a sì rí àyọrísí rẹ̀. Malta ni, ní òkun Mẹditaréníà. Dom Mintoff dé orí àlééfà lọ́dún 1971, ó bá Gẹ̀ẹ́sì fa ọ̀rọ̀ ibùdó rẹ̀ títí tí wọ́n fi gbà láti máa san pọ́n-ùn mílíọ̀nù 14 lọ́dọọdún láti 1972. Nígbà tí àdéhùn náà parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1979, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó kẹ́yìn jáde ní èbúté. Líbíyà ni ọ̀rẹ́ tuntun. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tó jẹ́ pé ọdún kan ààbọ̀ ò tíì pé, ọkọ̀ ogun Líbíyà wá lé ẹ̀rọ tó ń wá epo fún Malta kúrò lórí omi tí àwọn méjèèjì ń jà sí. Malta kò ní ẹni tó máa pè. Ní oṣù Kẹsàn-án ó bá Ítálì ṣe àdéhùn pé òun á wà láàárín méjì, kí Ítálì ṣe onígbọ̀wọ́ òun. Ọdún 1985 ni ilé ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague tó dá ẹjọ́ ààlà omi náà. Mi ò bú Mintoff. Ó tọ́ kí Malta ní ilẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1972 sí 1979, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn 1979, òun ló ń wá ẹni tó máa dúró fún un.

Týr dìde, nítorí náà Oslo ni wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 1976. Ẹni tó fọwọ́ síwèé fún Gẹ̀ẹ́sì ni Anthony Crosland, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní oṣù Kẹrin. Grimsby ló sì ń ṣojú fún nílé aṣòfin. Àwọn apẹja tó dìbò fún un ni àdéhùn yẹn máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Mo máa ń ro ti ọwọ́ yẹn lórí ìwé. Ọkọ̀ apẹja Gẹ̀ẹ́sì 24 péré ló lè wọ inú máìlì 200 lẹ́ẹ̀kan náà, fún oṣù mẹ́fà, kò sì sí ìlérí kankan lẹ́yìn ìyẹn. Ní Hull àti Grimsby, ọkọ̀ jókòó sí èbúté títí wọ́n fi tà wọ́n bí irin àfọ́kù, ìyà náà sì jẹ ìdílé àwọn atukọ̀ títí ọ̀pọ̀ ọdún. Mi ò lè kọ ìtàn Iceland kí n fi tiwọn sílẹ̀.

Ohun tó mú Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i kọjá ẹja. Àwọn alájọṣe rẹ̀ nínú NATO ló ń sọ fún un pé ibùdó Keflavík kò ṣeé fi ṣeré nítorí kọ́ọ̀dù. Ìhàlẹ̀ Iceland lágbára nítorí pé ó ṣeé gbà gbọ́, wọn ò sì tíì mú un ṣẹ. Ọjọ́ tí wọ́n bá mú un ṣẹ ló tán. Ìdí nìyí tí mo fi rí ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún bí ọjọ́ tí ẹ̀mí àwọn atukọ̀ àti gbogbo agbára ìlú wọn jọ rọ̀ sórí okùn kan náà.

Agbára náà sì tán lẹ́yìn náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jáde. Sófíẹ̀tì wó lọ́dún 1991, ọkọ̀ abẹ́ omi tó ń kọjá níbodè dín kù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2006, Amẹ́ríkà sọ fún Iceland pé òun ń lọ, nígbà tó sì di ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, ibùdó Keflavík ti di títì, wọ́n sì ti kó lọ tòun ti àwọn hẹlikópítà tó ń yọ atukọ̀ nínú ewu lójú òkun. Ìjọba Reykjavík bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2008 tí ilé ìfowópamọ́ wọn wó, Gẹ̀ẹ́sì fi òfin tí wọ́n ṣe nítorí àwọn apániláyà gbẹ́sẹ̀ lé owó ọ̀kan nínú wọn. Iceland kéde pé òun fẹ́ yá owó lọ́wọ́ Rọ́ṣíà. Lọ́dún 1976, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ì bá gbé akọ̀wé àgbà NATO wọ bàálù. Lọ́tẹ̀ yìí, owó Rọ́ṣíà kò dé, ẹnikẹ́ni kò sì sáré wá.

Nígbà tó yá, àwọn bàálù Amẹ́ríkà tó ń wá ọkọ̀ abẹ́ omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í bà sí Keflavík, torí ọkọ̀ Rọ́ṣíà tún ti ń gba ibodè kọjá. Ní èbúté Reykjavík, Óðinn, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin ìgbà náà, ti di ara ilé ọnà àwọn ará òkun. Ẹni tó bá débẹ̀ lè gun orí rẹ̀ kó fọwọ́ kan ìbọn kékeré iwájú rẹ̀.